Ìrìn Gbẹ̀fẹ́ Ọdẹ́níran ní Àárọ̀ Oyè Rẹ̀

Ẹ kú ìjókòó o, ẹ̀yin ará ilé àti ẹ̀yin tí ẹ ti ọ̀nà jíjìn wá. Ẹ sún mọ́ra, kí ẹni tó ń wúkọ́ wú u tán, nítorí ọ̀rọ̀ Ọdẹ́níran ni mo fẹ́ sọ, ọkùnrin tó pa ẹfọ̀n kí irùngbọ̀n tó hù ú lágbọ̀n, àmọ́ tó jẹ́ pé nígbà tó darúgbó, kò sí ohun tó wù ú ju kó gbé ìbọn kọ́ ara ògiri, kó mú ọ̀pá, kó sì máa nasẹ̀ lẹ́yìnkùlé abúlé Òkè-Àràbà ní òun nìkan.

Ẹ wo bó ṣe ń rìn ní àárọ̀ ọjọ́ tí wọn yóò fi í jẹ Olúọ́dẹ, olórí gbogbo ọdẹ abúlé náà. Ìrì ń ta sí i lẹ́sẹ̀. Ó ń bu gúgúrú jẹ nínú àpò, ó ń súfèé dá ẹyẹ lóhùn, ó ń bá ọ̀kẹ́rẹ́ ṣe yẹ̀yẹ́ pé, "Kí lò ń sá fún? Mo ti fẹ̀yìn tì." Ògúnmọ́dẹdé, ọ̀rẹ́ rẹ̀ láti kékeré, nìkan ló mọ ọ̀nà tó máa ń gbà.

Ó dé oríta, ó bá ẹ̀ka ewé tútù kan tó dábùú ọ̀nà rẹ̀, tí wọ́n fi ìtàkùn so ní kókó méjì. Láàárín àwọn ọdẹ, ohun tí irú ewé bẹ́ẹ̀ ń sọ ni pé ìbọn ẹ̀bìtì wà níwájú, kí onítọ̀hún yà. Kókó méjì yẹn sì rèé, Ògúnmọ́dẹdé nìkan ló máa ń so ó bẹ́ẹ̀.

"Ọ̀rẹ́ mi, o ṣeun," ni Ọdẹ́níran wí, ó sì yà sí ọ̀nà kejì.

Kò pẹ́ tí gbogbo ẹyẹ fi dákẹ́. Igi tó wà lápá ọ̀tún bọ́ sí apá òsì. Nígbà tó bojú wẹ̀yìn, kò sí ọ̀nà mọ́. Àfi gìrì! Àwọn iwin yọ sí i. Eléyìí gbé orí rẹ̀ sínú agbọ̀n, ó gbé agbọ̀n há abíyá. Tọ̀hún ní ojú lórí eékún, àfi kó kúnlẹ̀ kó tó lè sùn. Òmíràn gùn tó bẹ́ẹ̀ tó fi ká ara rẹ̀ jọ bí ẹní. Obìnrin kan sì ń fi eyín tó wà lẹ́yìn ọrùn rẹ̀ fọ́ ẹ̀kùrọ́. Olórí wọn ni Onírùngbọ̀n-Ìjàlọ, tí ìjàlọ ń tò lọ tò bọ̀ lágbọ̀n rẹ̀. Ìkòkò ńlá kan ń hó lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

"Bàbá Olúọ́dẹ, ẹ káàárọ̀ o," ni Onírùngbọ̀n wí. "Ẹ wo ẹ̀bùn Ògúnmọ́dẹdé bó ṣe fẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn wá!"

"Ẹ̀bùn ta ni?"

"Ògúnmọ́dẹdé. Àná ló wá. Ó ní ká máa mú ọ lọ, kí òun lè jẹ oyè yẹn."

"Irọ́ lo pa!"

"Ta ló so ewé?"

Omijé bọ́ lójú Ọdẹ́níran. Ìkòkò tó ń hó kọ́ ló dùn ún. Ohun tó dùn ún ni pé ó ti dúpẹ́.

"Ó ń sunkún!" ni orí inú agbọ̀n kígbe.

"Ẹ jẹ́ kó sun ún dáadáa," ni obìnrin ẹlẹ́kùrọ́ dáhùn, "iyọ̀ wa kò pọ̀."

Ọdẹ́níran fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu ojú. "Onírùngbọ̀n, bí ẹnìkan bá fi ewúrẹ́ ta ọ́ lọ́rẹ, ta ló yẹ kó ti ni ewúrẹ́ náà tẹ́lẹ̀?"

"Ẹni tó fi ta mí lọ́rẹ ni."

"Ṣé Ògúnmọ́dẹdé ló ni mí?"

Ìjàlọ dúró lójú kan lágbọ̀n Onírùngbọ̀n.

"Ta ló wá ni ọ́?"

"Fetí sílẹ̀ dáadáa! Èmi Ọdẹ́níran, ọmọ Ọdẹ́tòye afìwo-ẹfọ̀n-mumi, ọmọ ọkùnrin tó wúkọ́ lójú oorun tí ìkookò sá fi ihò sílẹ̀, ọmọ Àbẹ̀jẹ́ apọ́nbéporẹ́, tó gbé mi pọ̀n tó fi lé erin kúrò lóko ìlá! Ilẹ̀ Òkè-Àràbà ni wọ́n bo ìwọ́ mi mọ́, Àyọ̀ká aya mi sì ń gbé oúnjẹ mi dè mí báyìí. Lọ bi wọ́n bóyá wọ́n yọ̀ǹda mi. Àbí ẹran olè ni olórí iwin fẹ́ jẹ?"

"Ẹran olè kẹ̀! Lójú àwọn ọmọ mi!" Onírùngbọ̀n da omi sí iná. "Ẹ mú un kúrò níwájú mi!"

Iwin tó ká bí ẹní tẹ́ ara rẹ̀ sílẹ̀ gbọọrọ, Ọdẹ́níran sì fi ẹ̀yìn rẹ̀ ṣe ọ̀nà títí ó fi rí òrùlé ilé rẹ̀.

Kó tó wọlé ló ti ń gbọ́ ìrèmọ̀jé, orin tí àwọn ọdẹ fi ń sunkún òkú ọdẹ. Ògúnmọ́dẹdé jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ lágbàlá, ó ń fi omijé kọ ọ́. Àwọn ọdẹ ń wo ara wọn. Àyọ̀ká dúró lẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú ìpọnkọ tó fi ń bu ọbẹ̀, ó ń bi Ògúnmọ́dẹdé léèrè pé, "Ta ló kú, ẹ jọ̀ọ́? Bàbá ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde lọ nasẹ̀ ni!"

"Ọdẹ́níran lọ, ó di gbére," ni Ògúnmọ́dẹdé ń kọ, "Ọdẹ́níran kò ní..."

Ó gbójú sókè. Orin gé.

"Má dákẹ́," ni Ọdẹ́níran wí. "Ohùn rẹ dùn."

"Ọ̀rẹ́ mi, mo... wọ́n ní..."

"Máa kọ ọ́ lọ. Ọ̀rẹ́ rẹ kú lóòótọ́. Èmi tí mo dé yìí, n kò mọ̀ ọ́."

Ògúnmọ́dẹdé dìde, ó gba ẹ̀yìn ilé jáde, ẹnikẹ́ni kò sì dá a dúró.

Wọ́n fi Ọdẹ́níran joyè ní ọ̀sán ọjọ́ náà, ìbọn dún títí etí fi di. Ẹ̀yin olùgbọ́ mi, ọ̀rọ̀ tó sọ fún àwọn ọdẹ nígbà tó jókòó ni kí ẹ mú lọ sílé: "Àwọn tó ni mí ni mo dárúkọ tí iwin fi jẹ́ kí n lọ. Kí kálukú yín mọ àwọn tó ni ín, kí ó sì mọ̀ wọ́n yàtọ̀ sí àwọn tó kàn ń bá a rìn."

Ó wá wo àga tí wọ́n gbé sí ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ fún ọ̀rẹ́ Olúọ́dẹ. Ó wò ó pẹ́. Lẹ́yìn náà, ó ní kí wọ́n gbé e kúrò.