Bí Ọkàn Ṣe Bẹ̀rẹ̀ Sí Í Lu Àyà

Nígbà láéláé, tí ayé ṣì rọ̀ bí amọ̀, ọkàn ènìyàn kì í lù. Jẹ́jẹ́ ló máa ń jókòó nínú àyà bí ẹyẹ tó ń sàba. Bí ènìyàn bá fẹ́ kó gbogbo ohun ìní rẹ̀ sínú òwò kan, kò sí ohun tí yóò wí fún un nínú ara pé, "Rọra." Ẹ̀jẹ̀ nìkan ló ń sọ̀rọ̀, ohùn rẹ̀ sì ga.

Ní ayé ìgbà náà ni ọkùnrin kan wà tó ń jẹ́ Láníhùn. Obì ló ń gbìn, etí odò ńlá kan ló ń gbé. Ìyàwó rẹ̀ ti kú, ó ku òun àti ọmọ rẹ̀ obìnrin, Àìná. Kò sí ẹni tó mọ ọkọ̀ ọ́ tù bí Àìná ní gbogbo agbègbè náà. Bó bá ń bọ̀ lókèèrè, orin rẹ̀ ni bàbá rẹ̀ máa ń kọ́kọ́ gbọ́.

Bí odò bá kún, gbogbo ọlọ́bì a jókòó sílé títí omi yóò fi fà. Lọ́dún kan, Láníhùn ní òun kò ní jókòó. Ó di agbọ̀n obì díẹ̀, Àìná sì fi ọkọ̀ gbé e kọjá odò. Obì ti wọ́n lódìkejì, ṣe ni wọ́n ń jà á gbà. Èrè tí Àìná gbé bọ̀ kò ṣeé fẹnu sọ.

Ẹ̀jẹ̀ fò sókè nínú Láníhùn. "O ò rí i? Àwọn tó jókòó sílé kì í ṣe ẹgbẹ́ rẹ! Tún un ṣe!"

Ó tún un ṣe, ó tún jèrè. Ara rẹ̀ wá gbóná, oorun kì í kùn ún mọ́. Bí àwọn aládùúgbò bá ní omi ń pọ̀ sí i, ẹ̀rín ni yóò fi wọ́n rín. Nígbà tó yá, ó ní kí wọ́n kó gbogbo obì tó wà nílé sínú ọkọ̀, kò ku ẹyọ kan.

Àìná dúró létí omi. "Bàbá, mo ti wo odò yìí. Igi ńláńlá ló ń gbé kọjá. Ẹ jẹ́ ká dúró díẹ̀."

Ọkàn gbọ́ ọ nínú àyà Láníhùn. Ó rọra sọ fún Ẹ̀jẹ̀ pé, "Òótọ́ lọmọ yìí ń sọ. Ẹ̀rù ń bà mí."

"Ta ní bi ọ́?" Ẹ̀jẹ̀ dá a lóhùn. "Gbogbo ìgbà tá a ti ń lọ, kí ló ṣe wá?"

Ọkàn dákẹ́. Kò fẹ́ ìjà.

Láníhùn wo ọmọ rẹ̀. "Àìná, ṣé o ti di ojo ni?"

Ọ̀rọ̀ náà dun Àìná. Ó kúnlẹ̀, ó ní, "Ó dàbọ̀, Bàbá," ó sì wọ ọkọ̀.

Kò tíì kọjá àárín odò tí igi kan tí omi hú tòun ti gbòǹgbò fi kọlu ọkọ̀. Ọkọ̀ dojú dé. Obì pupa, obì funfun, gbogbo rẹ̀ tú ká orí omi. Láníhùn kò wò wọ́n. Ó ń sáré létí odò, ó ń pe, "Àìná o! Àìná o!" Àwọn aládùúgbò wá a títí. Àjẹ̀ tó fi ń tukọ̀ nìkan ni wọ́n rí.

Láníhùn jókòó sínú ẹrẹ̀, ó ń fi ìkúùkù lu àyà rẹ̀. "Ṣé kò sí ohun kan nínú mi tó mọ̀ ni?"

"Èmi mọ̀," ni Ọkàn wí. "Mo sọ ọ́, àmọ́ mo rọra sọ ọ́."

"Kí ló dé tí o kò pariwo? Kí ló dé tí o kò lu ògiri?"

Bí Láníhùn ti ń lu àyà níta ni Ọkàn náà bẹ̀rẹ̀ sí í lù ú nínú. Ọwọ́ Láníhùn rẹ̀ nígbà tó yá, ó sọ ọ́ kalẹ̀. Ọkàn kò dáwọ́ dúró.

Láti ọjọ́ náà ni ọkàn gbogbo ọmọ aráyé ti ń lù. Bí ènìyàn bá sì fẹ́ fi ohun ìní rẹ̀ wewu, a lù kì-kì-kì, àtẹ́lẹwọ́ a làágùn. Ẹ̀jẹ̀ náà sunkún Àìná, ṣùgbọ́n Ẹ̀jẹ̀ kì í pẹ́ gbàgbé. Ẹni tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ jèrè, ariwo Ẹ̀jẹ̀ kì í jẹ́ kó gbọ́ ti Ọkàn.

Láníhùn gbọ́ tirẹ̀ ketekete títí ó fi darúgbó, nígbà tí kò sí ohunkóhun lọ́wọ́ rẹ̀ mọ́ tí ì bá fi wewu.