Abẹ́rẹ́ Tí Wọ́n Pè Ní Òkú

Àwọn àgbà a máa wí pé, "Abẹ́rẹ́ kò kú, ìpè ni kò dé e." Ǹjẹ́ ẹ̀yin tí ẹ ń pa òwe yìí mọ ìpilẹ̀ṣẹ̀ rẹ̀? Mo ti gbọ́ ọ lẹ́nu olùkọ́, mo ti gbọ́ ọ lẹ́nu ìyá tí ń gbèjà ọmọ rẹ̀, síbẹ̀ ọ̀pọ̀ nínú wọn rò pé abẹ́rẹ́ ìránṣọ ni à ń wí. Bẹ́ẹ̀ kọ́. Abẹ́rẹ́ inú aago ọkọ̀ ni, ilẹ̀ Àkókó ni ọ̀rọ̀ náà sì ti ṣẹlẹ̀, nínú ọgbà mẹkáníìkì kan tí ó wà ní ẹsẹ̀ òkè.

Bàbá Aríyìbí ni ó ni ọkọ̀ náà. Ibi ìfọ́kùúta ni bàbá yìí ti ṣiṣẹ́ títí ó fi fẹ̀yìn tì. Òun ni ó máa ń ki ẹ̀tù bọ inú àpáta, tí yóò sì tanná sí i. Àpáta ń fọ́, ariwo ẹ̀tù sì ń jẹ ẹ́ létí díẹ̀díẹ̀, títí ó fi di pé bí ènìyàn kò bá dojú kọ ọ́ kí ó lè máa wo ètè onítọ̀hún, kò ní mọ ohun tí ó wí. Nígbà tí ọ̀gá rẹ̀ òyìnbó ń padà sí ìlú rẹ̀, ó ta ọkọ̀ rẹ̀ fún un: ọkọ̀ Gẹ̀ẹ́sì kékeré kan, aláwọ̀ ewé, onílẹ̀kùn méjì, tí a ń fi ọwọ́ pa jíà rẹ̀ dà.

Ẹni tí ó bá ti wa irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ rí mọ̀ pé etí ni a fi ń wà á. Bí ẹ́ńjìnnì bá ń ké, a ó gbé jíà sókè. Bí ó bá ń kérora lórí òkè, a ó já a wálẹ̀. Bàbá Aríyìbí kò gbọ́ igbe, kò sì gbọ́ ìkérora. Ṣùgbọ́n lẹ́gbẹ̀ẹ́ aago tí ń sọ bí ọkọ̀ ti ń sáré tó, aago mìíràn wà nínú ọkọ̀ náà, tí abẹ́rẹ́ rẹ̀ ń sọ bí ẹ́ńjìnnì fúnra rẹ̀ ti ń yí kíákíá tó. Aago yìí ni bàbá sọ di etí. Bí abẹ́rẹ́ bá gòkè dé ibi tí ó mọ̀, yóò pa jíà dà. Bí ó bá ń rẹlẹ̀ jù, yóò já a wálẹ̀. Nínú gbogbo ọkọ̀ tí ń gun òkè ìlú náà, tirẹ̀ ni ìrìn rẹ̀ gún jù lọ.

Wàhálà dé nígbà tí pọ́ìntì ọkọ̀ náà jó tán. Irin kékeré méjì ni pọ́ìntì. Wọn a máa yà, wọn a sì máa pàdé, kí iná tí ń mú ẹ́ńjìnnì ṣiṣẹ́ tó lè ṣẹ́. Kò sí irú rẹ̀ lọ́jà mọ́. Ọ̀gá Bámitálẹ́, mẹkáníìkì tí ń tọ́jú ọkọ̀ náà, yọ ọ́ kúrò, ó sì fi àpótí ìtaná ìgbàlódé dípò rẹ̀. Ó yí kọ́kọ́rọ́ lẹ́ẹ̀kan, ẹ́ńjìnnì dáhùn, ó ń ṣiṣẹ́ wọ́ọ́rọ́wọ́ bí ẹni pé kò gbó rí. Ṣùgbọ́n nígbà tí bàbá wo aago rẹ̀, abẹ́rẹ́ sùn sórí òdo, kò mira.

Wọ́n pe Mùfútáù, rìwáyà ọgbà náà, ẹni tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ iná ọkọ̀. Àwọn rìwáyà ibẹ̀ ní àṣà kan. Bí wọ́n bá fẹ́ mọ̀ bóyá ohun tí ń lo iná ṣì wà láàyè, wọn a fi wáyà rẹ̀ kan orí bátìrì. Fèrè yóò dún, gílóòbù yóò tàn, fáànù yóò yí. Ohun tí kò bá dáhùn, òkú ni. Rìwáyà yóò gé wáyà rẹ̀, yóò fi téèpù dúdú dì í, ẹnikẹ́ni kò sì gbọdọ̀ tú u mọ́, nítorí pé ẹni tí ó bá hú òkú tí rìwáyà kan sin, ó ti pe rìwáyà náà ní òpè. Mùfútáù fi wáyà aago kan bátìrì. Abẹ́rẹ́ kò dáhùn. Ó gé e, ó sì dì í.

Ìròyìn náà dé ọ̀dọ̀ Ọmọ́lẹyẹ, àkọ́bí bàbá. Kì í ṣe ọmọ burúkú. Ẹ̀rù ni ó ń bà á. Láti ìgbà tí etí bàbá rẹ̀ ti di ni ọkàn rẹ̀ kì í ti í balẹ̀ bí ọkọ̀ náà kò bá sí nílé. Ó pe àwọn àbúrò rẹ̀ lórí fóònù, wọ́n sì fẹnu kò pé àsìkò tó kí wọ́n ta ọkọ̀ náà. Inú yàrá tí bàbá jókòó sí ni ó ti sọ gbogbo rẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ̀yìn ni ó kọ sí bàbá. Ọjọ́ kejì ni ó tó wá dúró níwájú rẹ̀, tí ó sì sọ fún un pé ọkùnrin kan ń bọ̀ láti Ọ̀wọ̀ ní ọjọ́ Sátidé láti wá gbé ọkọ̀ lọ.

"Ta ni ó tà á?" ni bàbá bi í.

"Àwa ọmọ yín ni, Bàbá. Aago tí ẹ fi ń wà á ti kú. Kí ni ẹ ó tún máa fi wà á?"

"Ta ni ó rí òkú rẹ̀?"

"Rìwáyà ni."

"Kò tíì fi òkú kankan hàn mí." Bàbá dìde, ó mú fìlà rẹ̀ àti ọ̀pá rẹ̀, ó sì fi ẹsẹ̀ rìn dé ọgbà mẹkáníìkì.

Ó bá Mùfútáù níbi tí ó ti ki orí bọ abẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì ọkọ̀ ẹlòmíràn. Ó sọ fún un pé kí ó wá tú téèpù tí ó dì. Mùfútáù dá a lóhùn láìgbé orí sókè. Bàbá fi ọ̀pá kàn án lẹ́sẹ̀ jẹ́jẹ́.

"Yí ojú sí mi. Ẹnu rẹ ni mo fi ń gbọ́ràn."

Mùfútáù yíjú, ó sì pariwo tó bẹ́ẹ̀ tí àwọn tí ń lẹ taya lọ́ọ̀ọ́kán fi wò wọ́n. Ó ní aago náà ti kú. Kí bàbá jẹ́ kí òun fi aago tokunbọ̀ kan sí i fún wọn, èyí tí iná rẹ̀ ń tàn bí ojú ológbò.

"Má pariwo, ọ̀fun rẹ ni o ń dá lóró," ni bàbá wí. "Mo mọ ojú abẹ́rẹ́ yìí bí mo ti mọ ojú ìyàwó mi. N kò lè máa kọ́ ojú àjèjì lórí òkè. Ó yè nígbà tí mo wa ọkọ̀ wọ ọgbà yìí. Kí ni ó pa á?"

"Ogbó ni, Bàbá. Kò sí ohun tí kò ní ọjọ́ tirẹ̀."

"Tèmi kò tíì pé, tirẹ̀ náà kò tíì pé. Tú u."

"Àbí ẹ fẹ́ kọ́ mi níṣẹ́ mi ni?"

"Rárá o. Mo fẹ́ kí o ṣe é ni."

Àwọn tí ó wà nítòsí rẹ́rìn-ín. Ọ̀kan nínú wọn ní kí Mùfútáù yáa hú òkú náà fún àwọn ẹbí rẹ̀ kí ìjà ogún má bàa dé. Ojú Mùfútáù kọrẹ́ lọ́wọ́, ó fa ìjókòó kan wá, ó sì jókòó lé e bí ẹni tí kò ní kúrò níbẹ̀ láéláé. Bàbá náà wá ìjókòó, ó gbé e síwájú rẹ̀ gan-an, ó jókòó. Ọ̀gá Bámitálẹ́ ni ó là wọ́n. Ó ní àpótí tí òun fi sí ọkọ̀ ni ó dá ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀, nítorí náà ẹnikẹ́ni kò pe Mùfútáù ní òpè. Ó sì ní ojú kan wà lára àpótí náà tí wọ́n dìídì ṣe fún wáyà aago. Kí wọ́n so ó mọ́ ọn, kí wọ́n wò ó.

Mùfútáù tú téèpù, ó so wáyà mọ́ ojú náà. Bámitálẹ́ tan ẹ́ńjìnnì. Gbogbo wọn na ọrùn. Abẹ́rẹ́ kò kúrò lórí òdo. Mùfútáù mú ẹ̀mú rẹ̀ láti tún wáyà náà gé.

"Dúró," ni bàbá wí. "Ó gbọ̀n."

"Ẹ́ńjìnnì ló mì ín, Bàbá."

"Kí ló dé tí ẹ́ńjìnnì kò mi abẹ́rẹ́ epo tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀? Ojú nìkan ni mo fi ń gbé ayé báyìí, Mùfútáù, kì í purọ́ fún mi. Ó gbọ̀n. Òkú kì í gbọ̀n."

Bámitálẹ́ bẹ̀rẹ̀, ó fi ojú sún mọ́ gíláàsì aago. Lóòótọ́, ṣóńṣó orí abẹ́rẹ́ náà ń gbọ̀n díẹ̀díẹ̀, bí ètè ẹni tí ó fẹ́ sọ̀rọ̀. Ó bèèrè pé bí ó bá yè, kí ni kò jẹ́ kí ó dìde?

Nígbà náà ni bàbá sọ ohun tí ojú rẹ̀ rí níbi ìfọ́kùúta. Ó ní kí wọ́n tó yin ẹ̀tù, alábòójútó a máa kígbe kí àwọn òṣìṣẹ́ lè sá. Nígbà tí etí àwọn òṣìṣẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í di, igbe kò ràn mọ́. Òkúta fẹ́rẹ̀ẹ́ pa ọkùnrin kan, wọ́n sì ní olórí kunkun ni. Lẹ́yìn èyí ni wọ́n ri òpó irin mọ́lẹ̀, tí wọ́n ń fi òòlù lù ú. Ìró òòlù ń gba inú ilẹ̀ wọ àtẹ́lẹsẹ̀ wọn, gbogbo wọn a sì sá.

"Kì í ṣe pé a kò fẹ́ sá," ni bàbá wí. "Ẹni tí ó yẹ kí wọ́n fi òòlù pè ni wọ́n ń fi ẹnu pè."

Bámitálẹ́ tẹjú mọ́ àpótí tí ó fi sí ọkọ̀. Lẹ́yìn náà ni ó yíjú sí Mùfútáù.

"Pọ́ìntì tí mo yọ ni òòlù," ni ó wí.

Ó ṣàlàyé fún un pé nígbàkigbà tí pọ́ìntì bá yà, iná a máa ta padà gidigidi nínú kọ́ílì, ìyẹn wáyà wíwé tí ń fún ẹ́ńjìnnì ní iná, ìtapadà tí ẹni tí ó bá fọwọ́ kàn án kò ní gbàgbé. Ìtapadà yẹn ni aago àtijọ́ fi ń mọ iye ìgbà tí ẹ́ńjìnnì yí. Àpótí tuntun kì í ta. Ṣe ni ó ń fọwọ́ tọ́ wáyà aago jẹ́jẹ́. "Bátìrì tí ìwọ fi dán an wò ńkọ́? Ìyẹn kò tilẹ̀ kan ilẹ̀kùn. Ó kàn fara ti ilẹ̀kùn ni, o wá ní kò sẹ́ni kankan nílé."

 Mùfútáù ń wo àtàǹpàkò rẹ̀, èyí tí iná máa ń ta lẹ́nu iṣẹ́. Nígbà tí ó máa sọ̀rọ̀, kò pariwo mọ́, ó sì dojú kọ bàbá.

"Rílée fèrè máa ń bu èèyàn jẹ."

Kò sí rìwáyà tí kò mọ èyí. Àpótí kóńkóló tí a fi ń tan fèrè ọkọ̀ ni rílée. Wáyà tín-ín-rín ni wọ́n wé jọ sínú rẹ̀, bí ènìyàn bá sì fi ọwọ́ lásán já iná kúrò lára rẹ̀, yóò ta onítọ̀hún. Mùfútáù wá ògbólógbòó rílée kan, ó ṣí ìdérí rẹ̀, ó yọ ahọ́n irin inú rẹ̀ kí ó má bàa máa pariwo, ó wá ṣẹ́ ku wáyà wíwé nìkan. Ó so ìdí kan mọ́ iná tí ń ti ojú kọ́kọ́rọ́ bọ̀, ó so ìdí kejì mọ́ ojú kan náà tí wáyà aago wà lára àpótí. Báyìí, nígbàkigbà tí àpótí bá fọwọ́ tọ́ wáyà, rílée yóò ta, ìtapadà náà yóò sì lọ bá aago.

Bámitálẹ́ yí kọ́kọ́rọ́. Abẹ́rẹ́ fo kúrò lórí òdo, ó gòkè dé ibi tí ó máa ń dúró sí nígbà tí ẹ́ńjìnnì bá ń sinmi, ó sì dúró síbẹ̀. Bàbá wọlé sínú ọkọ̀, ó fi ẹsẹ̀ tẹ iná mọ́lẹ̀, abẹ́rẹ́ gòkè. Ó gbé ẹsẹ̀. Abẹ́rẹ́ sọ̀ kalẹ̀. Ẹnikẹ́ni kò rẹ́rìn-ín.

"Abẹ́rẹ́ kò kú," ni Mùfútáù wí.

Bàbá Aríyìbí, tí ó ń wo ẹnu rẹ̀, parí i fún un: "Ìpè ni kò dé e."

Ní ọjọ́ Sátidé, nígbà tí oníbàárà dé láti Ọ̀wọ̀, bàbá ní kí wọ́n fún un ní omi tútù àti àga. Ó wá ṣí ilẹ̀kùn ọkọ̀ kejì fún Ọmọ́lẹyẹ, ó ní kí ó wọlé. Òkè ni wọ́n dorí kọ. Níbi tí òkè náà ti ga jù, ọkọ̀ akẹ́rù kan ń wọ́ lọ níwájú wọn, wọ́n sì ní láti dẹ eré. Abẹ́rẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í rẹlẹ̀. Bàbá já jíà wálẹ̀ kí Ọmọ́lẹyẹ, tí etí rẹ̀ mú ṣáṣá, tó gbọ́ pé ẹ́ńjìnnì fẹ́ kérora. Nígbà tí wọ́n dé orí òkè, bàbá yà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó pa ẹ́ńjìnnì. Ọmọ́lẹyẹ kọjú sí fèrèsé, ó ń sọ nǹkan lábẹ́ èémí.

"Yí ojú sí mi, kí o tún un sọ."

Ó yíjú. Omi wà lójú rẹ̀. "Mo ní ẹ̀rù ń bà mí ni, Bàbá. Ojoojúmọ́ ni."

"Ìyẹn, mo gbọ́. O kò sọ ọ́ fún mi rí. Títà ni o máa ń sọ."

Ọmọ́lẹyẹ nu ojú rẹ̀. Ó wo ètè ara rẹ̀ nínú dígí ọkọ̀ bí ẹni pé ó fẹ́ mọ̀ bóyá ó ń là dáadáa, lẹ́yìn náà ni ó bèèrè ohun tí ẹnikẹ́ni nínú ilé kò tíì bèèrè lọ́wọ́ bàbá: "Ṣé ẹ fẹ́ kí a ta ọkọ̀ yìí?"

"Rárá."

"Ó dáa, Bàbá."

Bọ́ọ̀sì ni oníbàárà wọ̀ padà sí Ọ̀wọ̀.

Ìdí nìyí tí àwọn àgbà fi ń wí pé, "Abẹ́rẹ́ kò kú, ìpè ni kò dé e." Wọn a máa pa á nígbà tí ènìyàn bá fẹ́ pe ọmọ ní olódo, tàbí tí ó fẹ́ pe arúgbó ní ẹni tí làákàyè rẹ̀ ti tán, nígbà tí ó jẹ́ pé ohùn kan ṣoṣo ni ó ti fi pè é, ohùn náà sì ni èyí tí ó rọ òun fúnra rẹ̀ lọ́rùn. A kì í pa á fún ẹni tí ó gbọ́ tí ó sì kọ̀. Òwe tirẹ̀ wà lọ́tọ̀. Ẹni tí ń pè ni a ń pa á fún, kì í ṣe ẹni tí à ń pè. Ẹni tí a bá sì pa á fún kò gbọdọ̀ jókòó máa rojọ́. Kí ó padà lọ, kí ó lọ fi ohùn mìíràn pè é.