Ìwé Pélébé Tí Ẹnikẹ́ni Kò Kà

Ọkùnrin kan wà, Dókítà, olùkọ́ yunifásítì bíi tìrẹ. Ẹ̀kọ́ máàpù ló ń kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ọdún kejì. Ó mọ iṣẹ́ náà dunjú, kò sí irọ́ níbẹ̀. Òkè tí kò gùn rí, bí o bá fún un ní máàpù rẹ̀, yóò sọ ibi tí omi rẹ̀ ń ṣàn gbà fún ọ. Kì í pẹ́ dé kíláàsì, kì í pa kíláàsì jẹ, kì í bú ọmọ ọlọ́mọ. Bí ó bá ti kọ́ wọn tán, á kọjú sí wọn, á ní, "Ṣé ó yé yín?" Igba ènìyàn á dá a lóhùn lẹ́ẹ̀kan náà pé, "Ó yé wa, sà!" Inú rẹ̀ á dùn. Á gbọn ẹfun ṣọ́ọ̀kì kúrò lọ́wọ́, á lọ jẹun.

Lọ́dọọdún, ìdajì wọn ń fìdí rẹmi. Ó ní àwọn ọmọ ìsinsìnyí kò fẹ́ kàwé. Gbogbo wa la máa ń sọ bẹ́ẹ̀ nínú yàrá olùkọ́, tí a ó sì máa mi orí sí ara wa bí ẹni tí wọ́n ṣẹ̀.

Obìnrin kan wà nínú kíláàsì yẹn. Ó ti tó ẹni ọdún mẹ́rìndínlógójì. Ó ti ṣe tíṣà ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ fún ọdún mẹ́wàá kí ó tó rí ààyè wọ yunifásítì, ọ̀dọ̀ ìyá rẹ̀ ló sì fi àwọn ọmọ rẹ̀ méjì sí. Ó ti ṣe ẹ̀kọ́ máàpù yìí lẹ́ẹ̀mejì, ó sì ti fìdí rẹmi lẹ́ẹ̀mejì. Ìwọ náà mọ òfin wa. Ẹni tó bá fìdí rẹmi nínú ẹ̀kọ́ dandan lẹ́ẹ̀mẹta, ilé ló ń lọ. Ọdún tí mò ń sọ yìí ni ẹlẹ́ẹ̀kẹta rẹ̀. Àwọn tó jókòó tì í kéré sí àbúrò rẹ̀ tó kéré jù. Báwo ni yóò ṣe dìde láàárín wọn kí ó ní kò yé òun? Bí wọ́n bá ti ń ké e, òun náà á bá wọn ké e: "Ó yé wa, sà!"

Ọdún yẹn gan-an ni àwọn aláṣẹ sọ pé olùkọ́ tí kò bá gba ìdánilẹ́kọ̀ọ́ ní ilé ìrànwọ́ olùkọ́ kò ní rí ìgbéga. Ilé ìrànwọ́ náà ni o jókòó sí yìí. Obìnrin tó sì dá wọn lẹ́kọ̀ọ́ lọ́dún náà, èmi ni. Mi ò ní fi bò fún ọ.

Ọkùnrin náà wá. Ọjọ́ mẹ́ta la fi ṣe é. A fún wọn ní báàgì, a fún wọn ní bírò tí a kọ orúkọ ilé-ìwé sí lára. Ó jókòó síwájú, ó ń kọ gbogbo ọ̀rọ̀ mi sílẹ̀. Mo sọ fún wọn pé, "Ẹ yé bi wọ́n pé ṣé ó yé wọn. Ọmọ tí a kọ́ nílé kò ní wo ojú àgbà kí ó ní ohun tí àgbà sọ kò yé òun. Ẹ fún wọn ní ìwé pélébé. Kí kálukú kọ ohun kan ṣoṣo tí kò yé e, kí ó má kọ orúkọ, kí ó jù ú sínú páálí lẹ́nu ọ̀nà." Ìmọ̀ràn tó dára ni. Mo ṣì ń sọ ọ́ títí dòní. Àmọ́ mo fi nǹkan kan kún un, òun ló ba gbogbo rẹ̀ jẹ́. Mo ní kí wọ́n kó àwọn ìwé náà wá fún mi, kí n lè jẹ́rìí pé wọ́n ṣe é.

Ó ṣe é. Ní ọ̀sẹ̀ kẹta sáà náà, ó pín ìwé pélébé fún wọn, wọ́n kọ ọ́, wọ́n jù ú sínú páálí. Ó kó o jọ, ó fi rọ́bà dì í, ọ̀sán ọjọ́ náà kò tíì rọlẹ̀ tí ó fi gbé e dé ọ́fíìsì mi. Mo gbé e wò lọ́wọ́, mo rí i pé ó nípọn. Mo kí i kú iṣẹ́. Mo fọwọ́ sí fọ́ọ̀mù rẹ̀. Ó kó gbogbo rẹ̀ sínú fáìlì ìgbéga. Kò ka ọ̀kan. Èmi náà kò ka ọ̀kan. Ní ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, ó kọ́ wọn ní ohun tó kàn, ó kọjú sí wọn, ó ní, "Ṣé ó yé yín?"

Ó rántí nǹkan kan nígbà tí ó ti pẹ́ jù. Ó ní lẹ́yìn ọjọ́ ìwé pélébé yẹn, obìnrin àgbà kan tó máa ń jókòó lẹ́yìn wá jókòó sí ìlà iwájú. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta gbáko ló fi jókòó síbẹ̀, tí ó ń wò ó lójú. Nígbà tó yá, ó padà sẹ́yìn. Ọkùnrin náà rò pé atẹ́gùn ló ń wá.

Obìnrin náà ṣe ìdánwò, ó fìdí rẹmi. Wọ́n kọ lẹ́tà fún un, ó di ẹrù rẹ̀. Ìgbéga ọkùnrin náà jáde, ó di ọ̀jọ̀gbọ́n, a sì bá a yọ̀.

Ọdún méjì kọjá. Wọ́n fún ọ̀jọ̀gbọ́n ní ọ́fíìsì tó tóbi ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Ibi tó ti ń kó ẹrù ni fáìlì yẹn ti bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Rọ́bà náà ti gbó, ó já, ìwé pélébé fọ́n ká gbogbo ilẹ̀. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣà á, ó sì ń kà á bó ti ń ṣà á, fún ìgbà àkọ́kọ́. Ó lé ní ọgọ́rin nínú wọn tó bèèrè ohun kan náà. Ẹyọ kan ṣoṣo ló ní orúkọ lára. Mo mọ ohun tó wà níbẹ̀ lórí, nítorí ó fi hàn mí:

"Sà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú. Àwọn ìlà róbótó tí ẹ máa ń yà sórí máàpù, ṣé ọ̀nà ni wọ́n? Bí wọ́n bá jẹ́ ọ̀nà, kí ló dé tí wọn kì í pàdé, tí wọn kì í sì í dé ibì kankan? Èmi ni Ìbídùnní Ajélàbí. Ẹ lè pè mí nígbàkígbà, mo máa ń tètè dé."

Dókítà, wọn kì í ṣe ọ̀nà. Gíga òkè ni àwọn ìlà yẹn ń sọ. Gbogbo ibi tí ìlà kan bá gbà, ọ̀kan kò ga ju èkejì lọ níbẹ̀. Ó parí. Ìṣẹ́jú márùn-ún ni yóò gba ẹni tó bá fẹ́ ṣàlàyé rẹ̀. Ọdún mẹ́ta ni obìnrin yẹn fi ń wá ọ̀nà lórí òkè. Àwọn àgbà ní abéèrè kì í ṣìnà. Òun bèèrè, ó tún kọ orúkọ rẹ̀ sí i, ó sì ṣìnà.

Ọ̀jọ̀gbọ́n wá a kiri. Ilé búrẹ́dì kan ló ti bá a, ó ń po ìyẹ̀fun. Bí obìnrin náà ti rí i, ó kúnlẹ̀ kí i, ó sáré gbé àga wá fún un. Kò bá a jà. Ìbá sàn ká ní ó bá a jà. Ọkùnrin náà mú ìwé pélébé náà jáde. Obìnrin náà nu ọwọ́ rẹ̀ kí ó tó gbà á, ó wò ó títí, ó ní, "Háà, sà. Ẹ ṣì ní i lọ́wọ́?"

Ọ̀jọ̀gbọ́n gba ìyẹ̀fun díẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀, ó kó o jọ bí òkè sórí tábìlì. Ó fi ìka yà á yípo nísàlẹ̀, ó yà á yípo láàárín, ó yà á yípo lókè. Ó ní kí obìnrin náà sún mọ́ ọn, kí ó wò ó láti òkè wá sísàlẹ̀. Ó ṣàlàyé rẹ̀ dáadáa. Mo gbà pé ní gbogbo ayé rẹ̀, kò kọ́ni dára tó bẹ́ẹ̀ rí. Nígbà tí ó parí, kí ó tó mọ̀, ẹnu rẹ̀ ti sọ ọ́: "Ṣé ó yé ọ?"

Obìnrin náà ní, "Ó yé mi, sà." Ó sì fi ọwọ́ gbá òkè náà jọ, nítorí wọ́n fẹ́ lo ìyẹ̀fun wọn.

Láti ibẹ̀ ni ọ̀jọ̀gbọ́n ti wá sọ́dọ̀ mi. Orí àga tí o wà yìí ló jókòó sí. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, mi ò mọ̀ bóyá ó yé e." Ó ń sunkún. A máa ń sọ fún ẹni tí nǹkan bá bàjẹ́ fún pé omi ló dànù, agbè kò fọ́. Mo wá agbè yẹn títí lọ́jọ́ náà, mi ò rí i.

Ní báyìí, ìwọ náà rèé. O fi rọ́bà tuntun di ìwé pélébé, o gbé e wá kí n fọwọ́ sí fọ́ọ̀mù rẹ. Láti ìgbà tí o ti wọlé, o ti sọ iye tí wọ́n jẹ́ fún mi lẹ́ẹ̀mejì. O kò tíì sọ ohun kan ṣoṣo tó wà nínú wọn. Ó ti rẹ̀ mí, Dókítà. Ọ̀rọ̀ ọkùnrin yìí kò yí ohunkóhun padà nílé ìwé yìí, fọ́ọ̀mù náà ni a ṣì ń lò. Bí mo bá kọ̀ tí mi ò fọwọ́ sí i, o lè gbé e lọ sọ́dọ̀ igbákejì mi, yóò fọwọ́ sí i fún ọ lórí ìdúró, ìgbéga rẹ á sì jáde. Mi ò ní agbára láti dá ọ dúró.

Ṣùgbọ́n ìdánwò àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rẹ ku ọjọ́ mọ́kànlá. Bọ́ rọ́bà yẹn kúrò. Wò ó bóyá ẹnì kan kọ orúkọ rẹ̀.