Ọjọ́ tí Láòṣebìkan Lọ Kí Baálẹ̀ Ìdí-Arère

"Àjèjì lójú, ṣùgbọ́n kò fi ríran." Ẹ ti gbọ́ òwe yìí rí. Ó ṣeé ṣe kí ẹnìkan ti pa á fún ẹ̀yin náà, níbi tí ẹ ti ń wá ilé kan kiri, tí ẹ sì dúró sí ẹnu ọ̀nà rẹ̀ gan-an. Ṣùgbọ́n ǹjẹ́ ẹ mọ àjèjì tí wọ́n kọ́kọ́ pa á fún? Bí ẹ bá ń fura pé ọkùnrin kan ni, pé ó gbọ́n lójú ara rẹ̀, pé aṣọ rẹ̀ mọ́ tónítóní, pé ìtìjú ni ọ̀rọ̀ náà yóò sì já sí fún un, ìfura yín kò ṣìnà. A kò ní fi ìyẹn pa mọ́ fún yín. Ohun tí ó kù tí ẹ kò mọ̀ ni ohun tí ojú ọkùnrin náà ń wò láti àárọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́.

Láòṣebìkan ni orúkọ rẹ̀. Ọ̀kan ni nínú àwọn ẹmẹ̀wà tí ń jẹ́ iṣẹ́ fún ọba ìlú Ìyandà láyé àtijọ́. Ènìyàn dáadáa ni. Kì í jalè, kì í sì í purọ́ ju bí iṣẹ́ ààfin ṣe gbà lọ. Àléébù rẹ̀ kò ju ọ̀kan lọ: ó gbà pé kò sí ojú bí ojú òun. Bí àlejò bá wọ ààfin, kí wọ́n tó béèrè orúkọ onítọ̀hún, Láòṣebìkan á ti wo bàtà rẹ̀, á wo etí fìlà rẹ̀, á sì ti sọ irú ẹni tí ó jẹ́. "Aṣọ kì í purọ́," bẹ́ẹ̀ ni ó máa ń wí. Nígbà mìíràn ó máa ń rí bẹ́ẹ̀. Nígbà tí kò bá rí bẹ́ẹ̀, gbogbo ààfin ni yóò rántí, àfi òun.

Ní ọdún kan, àjẹlẹ̀ tí ń bójú tó abúlé Ìdí-Arère fún ọba kú. Láòṣebìkan fẹ́ ipò náà bí ẹni fẹ́ ẹ̀mí. Àjẹlẹ̀ ní ẹṣin. Àjẹlẹ̀ ní ìránṣẹ́. Bí àjẹlẹ̀ bá ń kọjá, àwọn tí ó jókòó á dìde. Kí ọba tó la ẹnu sọ ohunkóhun, Láòṣebìkan ti rán fìlà tí yóò fi jẹ oyè náà, ìyàwó rẹ̀ sì ti bá a wò ó lórí lẹ́ẹ̀mẹta.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kan, ọba ránṣẹ́ pè é.

"Láòṣebìkan, wọ́n ní o sọ pé ojú rẹ kì í fo nǹkan."

"Kábíyèsí, bí eṣinṣin bá bà lé ògiri, mo mọ akọ rẹ̀ yàtọ̀ sí abo."

"Ó dára. Lọ sí Ìdí-Arère lónìí, kí o bá mi kí Baálẹ̀ ibẹ̀. Bi í léèrè ohun tí wọ́n ń fẹ́ lára àjẹlẹ̀ tuntun. Èsì tí ó bá ti ẹnu rẹ̀ jáde ni kí o mú bọ̀ kí oòrùn tó wọ̀. Bí o bá mú un dé, ìwọ ni àjẹlẹ̀."

"Ṣé ìyẹn nìkan ni, Kábíyèsí?"

"Ìyẹn nìkan ni," ọba dáhùn, ó sì kọjú sí ẹlòmíràn.

Láòṣebìkan kò dé Ìdí-Arère rí, kò sì mọ Baálẹ̀ ibẹ̀ lójú. Èyí kò dà á láàmú. Ní ọdún mẹ́ta sẹ́yìn, ọwọ́ rẹ̀ ni ó fi ká agbádá àlàárì tí ọba fi ta Baálẹ̀ náà lọ́rẹ, pẹ̀lú fìlà abetí ajá kan àti ìrùkẹ̀rẹ̀ funfun. Ẹni tí ó bá ti mọ aṣọ ènìyàn, kí ni ó tún kù tí ó fẹ́ mọ̀? Ó wọ agbádá funfun tirẹ̀, ó fi omi bọ́jú, ó sì mú ọ̀nà pọ̀n.

Ọyẹ́ mú lọ́jọ́ náà. Kùrukùru bo ọ̀nà, bí ó sì ṣe ń sún mọ́ igi kan ni igi mìíràn ń pòórá lẹ́yìn rẹ̀. Nígbà tí ó wọ Ìdí-Arère, ó kọ́kọ́ rò pé òun ti ṣìnà ni. Gbogbo ilẹ̀kùn ló ṣí sílẹ̀, kò sì sí ẹnì kankan nínú ilé. Adìẹ kan ń ta ilẹ̀. Ewúrẹ́ kan dùbúlẹ̀ sáàárín ọ̀nà, ó wò ó, kò sì dìde fún un. Láòṣebìkan ti rò ó láti ilé pé àwọn èwe á máa sáré bọ̀ wá wo aṣọ òun. Ó dúró, ó tún etí agbádá rẹ̀ ṣe, kò sì sí ẹni tí ó rí i.

Ó gba ẹ̀yìn àwọn ilé lọ, ó sì yọ sí àpáta ńlá kan tí wọ́n sá ọkà bàbà sí. Bàbá arúgbó kan wà níbẹ̀ nínú ẹ̀wù kùkùmọ̀ tí ó ti ya lẹ́yìn, ó ń fi ẹsẹ̀ yí ọkà náà. Ìyá arúgbó kan jókòó ti iná lẹ́gbẹ̀ẹ́ àpáta, ó ń fi ọ̀bẹ họ ibi tí ó jó lára iṣu sísun.

"Ẹ kúulé o," Láòṣebìkan kí wọn.

"Ẹ káàbọ̀. Ẹ kú ìrìn, ẹ kú ọyẹ́," bàbá náà dáhùn. "Ẹ wá jẹun."

"Àwọn ará abúlé ńkọ́?"

"Wọ́n wà lóko. Ọkà ti gbó. Ẹ jẹun ná."

"Iṣẹ́ ọba ni mo wá jẹ́. Baálẹ̀ dà?"

Bàbá náà wo ìyàwó rẹ̀. Ìyá náà kò gbé ojú sókè kúrò lára iṣu.

"Ọ̀rọ̀ yẹn wà níwájú," bàbá náà wí. "Iṣu rèé, epo rèé, iyọ̀ wà nínú rẹ̀."

"Epo?" Láòṣebìkan wo aṣọ rẹ̀. "Bàbá, ṣé ẹ rí ohun tí mo wọ̀?"

"Ẹ fi í sílẹ̀," ìyá náà wí. "Ẹni tí aṣọ rẹ̀ funfun tó báyìí, ojú lásán ló fi ń jẹun."

Ó yẹ kí a sọ àṣà Ìdí-Arère fún yín níhìn-ín. Wọn kì í tọ́ àlejò tí kò tíì jẹun sọ́nà. Wọ́n ní ẹni tí ebi ń pa kì í gbọ́ ọ̀rọ̀, àti pé bí ènìyàn bá fi àṣìṣe àlejò hàn án kí ó tó fi oúnjẹ sí i lẹ́nu, ńṣe ni ó bú u ní ẹnu ọ̀nà. Nítorí náà, bí àlejò bá kọrí sínú kànga, wọ́n á dì í mú, ṣùgbọ́n wọn kò ní sọ fún un pé kànga ni títí yóò fi gbé òkèlè kan mì. Òkèlè kan péré. Gbogbo ẹni tí ó ti bá wọn jẹun rí ló mọ èyí. Láòṣebìkan kò bá wọn jẹun rí.

Bí ó ṣe ń yí ojú kiri, kùrukùru ṣí díẹ̀, ó sì rí pupa kan lókèèrè, ní òdìkejì àpáta. Ó wò ó dáadáa. Àlàárì ni. Agbádá tí òun fi ọwọ́ ara òun ká ni, fìlà abetí ajá wà lókè rẹ̀, ó bò wálẹ̀ gan-an, ìrùkẹ̀rẹ̀ funfun sì ń fì lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ẹni náà jókòó jẹ́ẹ́, ó kọjú sí ọkà rẹ̀ bí ọlọ́rọ̀.

Láòṣebìkan bojú wo bàbá arúgbó náà bí ẹni tí a fẹ́ rẹ́ jẹ tí kò gbà. Ó gbé agbádá rẹ̀ sọ́rùn, ó sì ń lọ.

Bàbá náà la ẹnu, ó tún pa á dé.

"Ṣé ẹ ò ní sọ fún un ni?" ìyàwó rẹ̀ béèrè.

"Kò tíì jẹun."

Nígbà tí ó ku ìwọ̀n ẹsẹ̀ mẹ́jọ, Láòṣebìkan dọ̀bálẹ̀ gbalaja. Ẹni tí a kọ́ ní ààfin ni, kò gbé ojú sókè wo àgbà lójú. Ó kí i ní orúkọ ọba, ó ki oríkì Ìyandà díẹ̀ mọ́ ọn, ó sì béèrè ohun tí abúlé ń fẹ́ lára àjẹlẹ̀ tuntun. Ó dákẹ́, ó ń retí èsì.

Kò sí èsì.

Ó tún un béèrè, ó sì gbé ohùn sókè, bóyá etí Baálẹ̀ ti wúwo. Afẹ́fẹ́ fẹ́, ìrùkẹ̀rẹ̀ fì lẹ́ẹ̀mejì. Ẹyẹ ẹ̀gà kan fò wá, ó bà lé Baálẹ̀ léjìká, Baálẹ̀ kò sì lé e. Orí Láòṣebìkan bẹ̀rẹ̀ sí í dàrú. Ṣé òun ṣẹ̀ é ni? Ṣé àsìkò ìkíni kọ́ ni? Àbí irú ọlá kan ni èyí tí wọn kò tíì dé ibẹ̀ ní ààfin Ìyandà? Ó fi ìgbonwọ́ fà sẹ́yìn, ó dìde, ó sì padà sọ́dọ̀ bàbá arúgbó náà.

"Bàbá, ṣé Baálẹ̀ yín kì í sọ̀rọ̀ ni?"

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹun."

"Ṣé inú ń bí i sí ọba ni?"

"Iṣu yìí ń tutù," bàbá náà wí, ó sì gbé àwo náà dé iwájú rẹ̀ pẹ̀lú ọwọ́ méjèèjì. Ohùn rẹ̀ ti di ti ẹni tí ń bẹ̀bẹ̀. "Ẹ fi ọwọ́ bù ú bíńtín. Ẹ má fi kan epo."

Láòṣebìkan wò wọ́n. Abúlé tí kò sí ènìyàn, ewúrẹ́ tí kò mọ ọ̀wọ̀, Baálẹ̀ tí kò lóhùn, àti arúgbó tí kò mọ̀ ju iṣu lọ. Ó dágbére fún wọn, ó sì kọjá lọ.

Ojú ọ̀nà ni ó ti rí ìtumọ̀ rẹ̀. Ẹni ńlá kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀, ẹni tí ó bá wá tóbi jù kì í sọ̀rọ̀ rárá. Ìrùkẹ̀rẹ̀ tí ó fì lẹ́ẹ̀mejì, "bẹ́ẹ̀ ni" ni ó túmọ̀ sí. Nígbà tí ó fi máa dé ẹnubodè Ìyandà, "bẹ́ẹ̀ ni" náà ti di gbólóhùn mẹ́rin.

"Kábíyèsí," ó wí níwájú ọba ní ìrọ̀lẹ́, "Baálẹ̀ kí yín. Ó ní ohun tí ẹ bá fẹ́ ni àwọn fẹ́. Ó ní ẹni tí ó mọ̀wà hù ni kí ẹ fún àwọn. Ó sì wò mí bí ó ti ń sọ ọ́."

"Ẹnu rẹ̀ ni o ti gbọ́?"

"Ẹnu rẹ̀ ni, Kábíyèsí. Ọkùnrin tútù ni. Ẹyẹ ń bà lé e léjìká."

"Kí ni wọ́n fi ṣe ọ́ lálejò?"

"Iṣu sísun. Mi ò jẹ ẹ́."

"O ò jẹ ẹ́." Ọba fi ọwọ́ pa irùngbọ̀n rẹ̀. "Nígbà tí mo wà lọ́mọ ọba, ẹ̀wà tí ó kún fún òkúta ni mo jẹ tán níbẹ̀ kí wọ́n tó sọ fún mi pé ẹṣin mi ti já okùn."

Kò tíì sọ̀rọ̀ tán tí bàbá arúgbó kan fi wọlé nínú kùkùmọ̀ tí ó ya lẹ́yìn, eruku bo ẹsẹ̀ rẹ̀ dé orúnkún, iṣu tí a fi ewé wé sì wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ní Ìdí-Arère, oúnjẹ tí àlejò bá kọ̀, wọ́n máa ń gbé e tẹ̀ lé e délé ni.

"Baálẹ̀, káàbọ̀," ọba kí i.

Láòṣebìkan wo ẹ̀yìn bàbá náà, ó ń wá ẹni tí ọba ń kí.

Baálẹ̀ dọ̀bálẹ̀, ó dìde. "Kábíyèsí, ìránṣẹ́ yín dé ọ̀dọ̀ wa. Ó kí aṣọ yín dáadáa. Mi ò rí ẹni tí ó mọ ìdọ̀bálẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ rí."

"Aṣọ wo?"

"Àlàárì tí ẹ fi ta mí lọ́rẹ. Apá rẹ̀ gùn ju ti àgbẹ̀ lọ, Kábíyèsí. Mo wọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀kan, mo tẹ etí rẹ̀ mọ́lẹ̀, mo sì ṣubú. Mo wá gbé e wọ kùkùté arère tí ó wà níbi tí a ń sá ọkà sí, kí àwọn ẹ̀gà lè máa bẹ̀rù. Orúkọ yín ló ń ṣọ́ oúnjẹ wa."

Ọba wo apá agbádá ara rẹ̀ fún ìgbà díẹ̀. Kò sí ẹni tí ó mọ̀ bóyá yóò rẹ́rìn-ín tàbí yóò bínú, ó sì dà bí ẹni pé òun náà kò mọ̀.

Baálẹ̀ tú ewé, ó sì gbé iṣu náà tòun ti epo rẹ̀ síwájú Láòṣebìkan. "Ẹ jẹun ná."

Lọ́tẹ̀ yìí, ó jẹ ẹ́. Epo ta sí agbádá funfun náà láti àyà dé ìsàlẹ̀. Baálẹ̀ dúró títí ó fi rí i pé òkèlè náà ti lọ sísàlẹ̀.

"Ẹ ṣeun," ó wí. "Mo wá lè bá yín sọ̀rọ̀ wàyí. Àjèjì lójú, ṣùgbọ́n kò fi ríran." Ó yíjú sí ọba. "Ní ti àjẹlẹ̀, Kábíyèsí, ẹni tí ó bá ṣáà ti lè jẹun ni kí ẹ fún wa."

Ẹlòmíràn ni ọba fi jẹ àjẹlẹ̀. Títí di òní, àwọn àgbà máa ń pa òwe yìí fún ẹni tí ó dé ibi tí kò dé rí, tí ó ń fi ohun tí ó mọ̀ láti ilé túmọ̀ ohun tí ó bá lọ́nà, tí kò sì fún onílé láàyè láti tọ́ ọ sọ́nà. Wọ́n tún máa ń fi í tu àlejò nínú, nítorí kò sí ẹni tí kì í ṣe àjèjì níbì kan. Ní Ìdí-Arère gan-an, wọn kì í bú Láòṣebìkan jù. Wọ́n ní ọyẹ́ mú lọ́jọ́ náà, àti pé aṣọ náà jọ ti ènìyàn ńlá lóòótọ́. Ṣùgbọ́n àjèjì ni àwọn ẹ̀gà náà, ọ̀nà jíjìn ni wọ́n ti wá, ọjọ́ kejì tí a gbé aṣọ wọ kùkùté ni wọ́n sì ti ń bà lé e léjìká.