Ebè Tí Láníhún Ń Jà Sí

Inú Láníhún ṣì ń bí mi dòní. Bàálù kékeré kan ni ẹ́ńjìnnì ẹ̀ kú lókè. Oko Láníhún nìkan ni awakọ̀ rí tí kò sígi, torí Láníhún ṣẹ̀ṣẹ̀ sun oko ni. Ó ti kọ ebè sí apá kan, kùkùté ṣì ń rú èéfín lápá kejì. Bàálù já lu ebè, ó sì dojú dé.

Awakọ̀ rá jáde. Ó fẹ́ padà lọ tú nọ́ọ̀sì tó gbé wá sílẹ̀ nínú bẹ́líìtì ìjókòó, ni Láníhún bá fún un lọ́rùn ẹ̀wù.

"O fọ́ ebè mi! Oko bàbá ẹ nìyí?"

"Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, èèyàn wà nínú ẹ̀! Epo ń jò!"

"Èmi tó kọ ebè ńkọ́, ṣé ẹran ni mí?"

Ìyàwó Láníhún fà á lọ́wọ́. "Bàbá Dúró, ṣé orí yín pé? Akátá là ń kọ́kọ́ lé lọ, ká tó bá adìẹ wí! Ẹ ò rí epo tó ń ṣàn lọ sídìí kùkùté?"

Ìgbà yẹn ni Láníhún tó fi awakọ̀ sílẹ̀. Wọ́n fa nọ́ọ̀sì yọ lóòótọ́, àmọ́ epo ti gbaná, iná ti jó o lẹ́sẹ̀ méjèèjì. Iná yẹn kò dúró, ó ran àhéré tí Láníhún kó gbogbo èèbù iṣu ẹ̀ sí.

Ebè tó kù dúró lófìfo, kò sí èèbù tó máa gbìn sí i. Bẹ́ẹ̀, erùpẹ̀ ebè kan ṣoṣo ì bá ti pa iná kùkùté yẹn.