Àdúrà Tí Odídẹrẹ́ Kò Gbà

Ẹ̀yin ọmọ mi, ààlọ́ o!
Ààlọ̀ o!
Àlọ́ mi rìn títí, ó dúró lẹ́nu ọ̀nà Odídẹrẹ́.

Odídẹrẹ́ ló máa ń ṣáájú àdúrà fún gbogbo ẹranko. Nígbà tí ọmọ Ẹtu ń ṣàìsàn, ìyá rẹ̀ bẹ̀ ẹ́ pé kó bá òun gbàdúrà. Ẹ̀ẹ̀mẹta ló padà wá béèrè. Ẹ bá mi gbè é:

“Ṣé ẹ ti bá mi bẹ Ọlọ́run?”
“Mo ti bẹ̀ ẹ́, Ìyá Ẹtu.”

Irọ́ ni! Ẹyìn ló ń jẹ lórí ọ̀pẹ.

Lọ́jọ́ kẹrin, ọmọ náà kú. Ẹtu tún wá, ó kúnlẹ̀, ó ní, “Ẹ ṣeun. Ẹ̀yin nìkan lẹ dúró tì mí.”

Ọ̀rọ̀ yìí gún Odídẹrẹ́ lọ́kàn. Ó sọ̀ kalẹ̀, ó ní, “Ìyá Ẹtu, n kò gbàdúrà kankan. Irọ́ ni mo pa fún yín.”

Ẹtu wò ó títí, ó sì bá tirẹ̀ lọ.

Bóyá ọmọ náà ìbá yè, ẹ̀yin ọmọ, a ò mọ̀. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ náà ni Odídẹrẹ́ tó gbàdúrà àtọkànwá. Ó ní, “Ọlọ́run, èmi òpùrọ́ rèé.”