Onídùúró Ìyá Gààrí

Ìjọba ìpínlẹ̀ ní kí báǹkì yá àwọn oníṣòwò kéékèèké lówó kí ọrọ̀ ajé lè gbèrú, ṣùgbọ́n máníjà di owó náà mọ́wọ́. Nígbà tí Fẹ́hìntọ́lá tó ń yan gààrí tà wá yáwó ẹ̀rọ ìlọ̀-ẹ̀gẹ́, máníjà rẹ́rìn-ín: "Ìyá Gààrí, ẹ mú onídùúró tó ní pẹ́tẹ́ẹ̀sì nígboro wá, àbí kẹ́ ẹ máa fọwọ́ rin ẹ̀gẹ́ yín lọ." Lọ́jọ́ tí kọmíṣọ́nà wá ṣí ètò ẹ̀yáwó náà níṣojú máníjà, kọmíṣọ́nà kígbe: "Ẹ̀yin oníṣòwò, ẹ má fòyà! Ìjọba dúró fún yín!" Fẹ́hìntọ́lá kúnlẹ̀. "Ẹ ṣeun, sà. Ta ni ìjọba ọ̀hún?" Kọmíṣọ́nà lu àyà: "Èmi tẹ́ ẹ̀ ń wò yìí ni!" Ìyá Gààrí kọjú sí máníjà: "Ọ̀gá, onídùúró mi rèé. Pẹ́tẹ́ẹ̀sì wọn nígboro kò lóǹkà." Ẹnu ya gbogbo èrò. Àwọn oníròyìn ti gba ohùn kọmíṣọ́nà sílẹ̀, kò lè sẹ́. Ó gba bírò, ó fọwọ́ síwèé pé òun dúró fún un. Bó ti fẹ́ jókòó, gbogbo oníṣòwò tó wà níbẹ̀ dìde gìrì: "Ẹ má tíì jókòó o, sà! 'Yín' lẹ wí, gbogbo wa sì ni 'yín' ọ̀hún!"